Tí ọ́nọ́rébù kì í bá ṣe ọ̀nà, kí gan-an ni iṣẹ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn 26 tó wà ní Òkè-Mọ̀sán, l'Abẹ́òkúta?

Jọkẹ́_Aládìrẹ (ọjọ́ Ajé, 7:42 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibi tí mò ń gbé ni mo gbé wá. Ọ̀nà tó wọ àdúgbò wa ti bàjẹ́ débi pé tí òjò bá ti ṣú, ọlọ́kadà á sọ èmi àti ẹrù mi kalẹ̀ sí etí títì, màá wá fi orí ru aṣọ wọlé. Lóṣù tó kọjá, ìyàwó aládùúgbò wa kan ń rọbí, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé e rì sínú ihò, ibẹ̀ náà ló bímọ sí. Ìyá àti ọmọ wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ n kò lè gbàgbé bó ṣe ń ké lóru ọjọ́ náà.

Àwa ìyá mẹ́fà àti alága àwọn onílé wá lọ bá ọ́nọ́rébù wa. Ó gbà wá dáadáa, ó ní kí wọ́n gbé omi fún wa. Nígbà tí a rojọ́ tán, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, aṣòfin ni mí. Èmi kọ́ ni mò ń ṣe ọ̀nà." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nígbà tó ń wá ìbò, orí ọ̀nà yìí gan-an ló dúró sí tó ní tí òun bá wọlé, ọ̀dà ni a ó máa rìn lórí rẹ̀.

Ó dùn mí wọra. N kò wá bú ẹnikẹ́ni níbí. Mo fẹ́ mọ̀ ni: tí kì í bá ṣe ọ̀nà, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ta ló ń ṣe ọ̀nà? Kí ló yẹ kí a bi í tí a kò bi í?

Awakọ̀_Láfẹ́nwá (7:58 alẹ́)

Àǹtí Jọkẹ́, ẹ kú wàhálà. Tèmi ò gùn. Gómìnà á fi ìwé ránṣẹ́, wọ́n á lu tábìlì, ó parí. Mò ń gbé èrò lọ sí Òkè-Mọ̀sán lójoojúmọ́, n kò tíì gbé ẹnì kan bọ̀ tó sọ fún mi pé àwọn bá òun yanjú nǹkan níbẹ̀.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì (8:31 alẹ́)

Jọkẹ́ ọmọ mi, kú ìrọ́jú. Awakọ̀, mo gbọ́ ohùn tìẹ náà. Ọdún 33 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ ní sùúrù.

Òótọ́ ni ọ́nọ́rébù yín sọ, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Aṣòfin kò ní katapílà, kò ní kọ́ńtírákítọ̀, owó ọ̀nà kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Gómìnà àti àwọn kọmíṣọ́nnà ló ń ṣe iṣẹ́, ilé ẹjọ́ ló ń dá ẹjọ́, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ló ń ṣe òfin. Ibi tí kò sọ fún yín rèé: kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ jáde nínú àpò ìpínlẹ̀ tí Ilé kò bá fọwọ́ sí i. Lọ́dọọdún ni gómìnà ń gbé àbá ìṣúná wá síwájú wọn. Wọ́n á pín in fún àwọn ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, wọ́n á pe kọmíṣọ́nnà àti ọ̀gá iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kó wá ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi owó ṣe àti ohun tó fi ti èṣí ṣe, kó tó di òfin. Tí orúkọ ọ̀nà yín kò bá sí nínú ìwé yẹn, kò sí kọmíṣọ́nnà tó máa ṣe é. Tó bá wà níbẹ̀ tí wọn kò sì ṣe é, ọ́nọ́rébù yín ló ní ẹnu láti dìde nínú Ilé pé owó dà. Ohun tí ẹ̀ bá bi í nìyẹn: ṣé ọ̀nà wa wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, àbí kò sí?

Nípa iye wọn. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ ní ju èèyàn 40 lọ, kò sì gbọdọ̀ dín sí 24. Èkó tó múlé gbè wá ní 40. Tiwa jẹ́ 26. Ẹ wo bó ṣe jẹ́: ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà ní Ògùn, kò sí ọ̀kan tí kò ní aṣòfin kan ó kéré tán. Mẹ́fà nínú wọn ni wọ́n pín sí méjì-méjì: Gúúsù Abẹ́òkúta, Ìfọ̀, Adó-Odò/Ọ̀tà, Àríwá Ìjẹ̀bú, Ṣágámù àti Àríwá Yewa. Ogún pẹ̀lú mẹ́fà nìyẹn. Ilé kan ṣoṣo ni, kò dà bí ti Àbújá tó jẹ́ méjì. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń lò, láti ọjọ́ tí Ilé bá kọ́kọ́ jókòó.

Awakọ̀, o ní lílu tábìlì ni. Èmi bá ìgbà tí kò sí tábìlì rárá lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1976 ni wọ́n yọ Ògùn jáde lára Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ológun ló wà lórí oyè. Ìgbà tí Olóyè Bísí Ọnàbánjọ di gómìnà ní 1979 ni Ògùn tó ní Ilé Aṣòfin tirẹ̀. Nígbà tí ológun tún gba ìjọba ní ìparí 1983, wọ́n ti Ilé náà. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó wọ aṣọ ológun ló ń jókòó sí ọ́fíìsì, tó ń buwọ́ lùwé, tí ìwé ń di òfin. A kò bi í léèrè, kò sí ẹni tó lè pè é wá ṣàlàyé, a kò mọ iye tó wà nínú àpò. Mo gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ọ́fíìsì kan sí èkejì rí, mo mọ bó ṣe rí lára ẹni tó gbé e. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Ilé yìí fi ń jẹ mí lógún, àní nígbà tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò bá ṣe dáadáa.

Lọ́yà_Kékeré (8:50 alẹ́)

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ọ̀nà oríṣi mẹ́ta ló wà: ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀nà inú àdúgbò bíi tiyín, Àǹtí Jọkẹ́, ti ìjọba ìbílẹ̀ ló sábà ń jẹ́. Àfikún kẹrin tó wà lẹ́yìn ìwé òfin 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọ̀nà, ojú pópó, iná ojú títì, gọ́tà. Àmọ́ ó fi gbólóhùn kan kún un pé bí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Òfin tó gbé ìjọba ìbílẹ̀ dúró gan-an, Ilé ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é. Nítorí náà, tí ọ́nọ́rébù bá ní òun kọ́ ni òun ń ṣe ọ̀nà, ẹ gbà fún un. Tó bá wá ní ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò kan òun, ẹ má gbà.

Ẹ má sì gbàgbé káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Gbogbo wọn là ń pè ní ọ́nọ́rébù, ìyẹn ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Ìjọba ìbílẹ̀ ni káńsẹ́lọ̀ wà, Òkè-Mọ̀sán ni aṣòfin ìpínlẹ̀ wà, Àbújá ni aṣojú-ṣòfin àti sẹ́nétọ̀ wà. Ní July 11, 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn. Ẹ bi alága ìjọba ìbílẹ̀ náà léèrè.

Jọkẹ́_Aládìrẹ (8:57 alẹ́)

Ha. Ìyẹn ni pé èèyàn mẹ́ta ni a lè bi, ẹnì kan péré ni a lọ bá. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ máa báa lọ, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè oníbàárà.

Tíṣà_Ìbarà (9:20 alẹ́)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ yìí ní sẹ́kọ́ńdírì, mo sì mọ̀ pé ibi tó máa ń dojú rú fún wọn ni bí àbá ṣe ń di òfin. Awakọ̀, ìwọ ni mò ń sọ fún.

Aṣòfin lè gbé àbádòfin wá, gómìnà náà lè fi ránṣẹ́. Ní kíkà àkọ́kọ́, wọ́n á kàn ka orúkọ rẹ̀ ni, kó lè wọ inú ìwé Ilé. Kíkà kejì ni ìjà wà: ẹni tó gbé e wá á dìde sọ ìdí rẹ̀, àwọn yòókù á ta kò ó tàbí kí wọ́n gbè é lẹ́yìn. Tó bá là á já, ó di ti ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè pe ìjókòó ìta gbangba, tí èmi àti ìwọ lè wọlé lọ sọ tẹnu wa. Ìgbìmọ̀ á mú àbọ̀ wá, Ilé á tú u ní ẹsẹ-ẹsẹ, kíkà kẹta á tẹ̀lé e, Kíláàkì Ilé, ìyẹn akọ̀wé àgbà ibẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ jáde ní mímọ́, ó di ọ̀dọ̀ gómìnà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni gómìnà ní láti buwọ́ lù ú tàbí kó sọ pé òun kò ṣe. Tó bá kọ̀, Ilé lè dìbò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo wọn bá fọwọ́ sí i, ó di òfin láìsí ọwọ́ gómìnà.

Ẹ wo òfin tó lòdì sí àwọn tó ń fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀, èyí tí ìpínlẹ̀ wa ṣe ní 2016 nígbà Gómìnà Amósùn. Kí ó tó dé, ẹni tó ra ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú, tó bá dé ibẹ̀ lówùúrọ̀, tó bá àwọn tó gbé àdá àti ìbọn lórí ilẹ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n á sọ fún un ní àgọ́ ọlọ́pàá ni pé kó lọ sí kóòtù, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Òfin yẹn sọ ọ́ di ọ̀ràn tí wọ́n lè torí rẹ̀ mú èèyàn. N kò sọ pé gbogbo ọmọ onílẹ̀ ti jáwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní bébà lọ́wọ́ mọ ohun tó lè gbé dání lọ sí àgọ́ nísinsìnyí. Àwọn tó ń lu tábìlì ló ṣe ìyẹn.

Ọmọ_Ìṣẹ̀ṣe (9:44 alẹ́)

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ mẹ́nu ba ìjókòó ìta gbangba, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí.

Òfin lórí ìfijoyè àti ìsìnkú ọba, tí Ilé ṣe ní 2021, tí Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún wá buwọ́ lù, sọ pé ọba ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n fi í joyè kí wọ́n sì sin ín bí ẹ̀sìn tirẹ̀ bá ṣe là á kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé ó dáa, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Lójú tèmi, ẹni tó gba adé ti gba ohun tó wà nídìí adé. Ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tò ni èèyàn 26 fi ìbò tún tò. Inú mi kò dùn sí i di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Àmọ́ n kò ní purọ́: àwa pẹ̀lú jẹ̀bi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wà nílé aṣòfin, mélòó nínú àwa tó ń bínú lónìí ló kọ lẹ́tà? Mélòó ló mọ aṣòfin rẹ̀ lórúkọ? Èmi kò mọ tèmi nígbà náà. Ìgbà tí òfin ti jáde ni mo wá ń béèrè. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé Ilé yẹn kò lágbára, kó wo ohun tó ṣe sí ìsìnkú ọba.

Ìyá_Ìbejì_Adátán (10:02 alẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run á bá wa tọ́jú yín. Èmi ò kàwé púpọ̀, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé Òyìnbó nìkan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀? Tí mo bá lọ jókòó, ṣé màá gbọ́?

Lọ́yà_Kékeré (10:15 alẹ́)

Mọ̀mì, ẹ kú alẹ́ mà. Ìbéèrè yín dára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Abala 97 nínú ìwé òfin sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ ó máa fi ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n Ilé lè fi èdè kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún un, tí wọ́n bá ti jọ fẹnu kò. Òfin kò dí Yorùbá lọ́nà, Mọ̀mì. Ilé Aṣòfin Èkó ti ń fi Yorùbá jókòó, wọ́n tún ṣe òfin tó ń dáàbò bo èdè náà. Abẹ́òkúta wa yìí, ìlú tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí Bíbélì Yorùbá, tí Ìwé Ìròyìn ti jáde ní 1859, kò yẹ kó jẹ́ ibi tí ìyá àgbà yóò ti máa bẹ̀rù pé òun kò ní gbọ́ ohun tí aṣojú òun ń sọ.

Ìyá_Ìbejì_Adátán (10:19 alẹ́)

Ó dáa. Ẹ kọ ìyẹn náà sí lẹ́tà.

Awakọ̀_Láfẹ́nwá (10:40 alẹ́)

Mo gbọ́ ẹ̀kọ́. Bàbá, Tíṣà, mo dúpẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ní January 2024, a jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní wọ́n ti yọ Abẹnugan, olórí Ilé náà. Kò sí ẹni tó bi wá. Ta ló ń yan Abẹnugan, ta ló ń yọ ọ́? Ṣé gómìnà ni?

Lọ́yà_Kékeré (11:10 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, rárá, gẹ́gẹ́ bí òfin. Abẹnugan àti igbákejì rẹ̀, àwọn aṣòfin fúnra wọn ló ń yàn wọ́n láàrin ara wọn. Àwọn náà ló lè yọ wọ́n, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ Ilé ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ ṣe ìṣirò: ìdá méjì nínú mẹ́ta 26 jẹ́ 17 àti díẹ̀. Èèyàn kò ṣeé gé sí díẹ̀, nítorí náà 18 ni. Ní January 23, 2024, ẹni 18 ló fọwọ́ sí yíyọ Ọ́nọ́rébù Olákúnlé Olúọmọ tó ń ṣojú Ìfọ̀ Kìíní, wọ́n sì fi Ọ́nọ́rébù Olúdáísì Ẹlẹ́mìde tó ń ṣojú Ọ̀dẹ̀dá rọ́pò rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ì bá má tó.

Nọ́ńbà ni mo fẹ́ kí gbogbo wa há sórí. Mo fi tọkàntọkàn sọ ọ́, torí nọ́ńbà ni agbára Ilé yẹn.

Ẹni 9. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo wọn nìyẹn. Tí wọn kò bá tó mẹ́sàn-án, tí ọmọ Ilé kan bá sì pe àkíyèsí sí i, ìjókòó kò lè máa lọ. Mẹ́sàn-án náà ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé kí ẹ̀sùn láti yọ gómìnà tó lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹni 18. Òun ló ń yọ Abẹnugan. Òun ló ń ṣẹ́gun gómìnà tó kọ̀ láti buwọ́ lu àbádòfin. Tí ọ̀rọ̀ bá di ti yíyọ gómìnà fúnra rẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ gbà kí ìwádìí wáyé, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ yàn á wá ṣe ìwádìí, tí wọ́n bá ní ẹ̀sùn náà fìdí múlẹ̀, ẹni 18 ló tún gbọ́dọ̀ gba àbọ̀ wọn wọlé.

Nọ́ńbà kẹta ló ń bà mí lẹ́rù. Fún àbádòfin lásán, ẹni tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà níjòókòó ló ń borí. Ẹni tó ń darí kì í dìbò àfi tó bá di ọgbọọgba. Tí mẹ́sàn-án péré bá wá lọ́jọ́ kan, tí ẹnì kan darí, mẹ́jọ ló kù tó lè dìbò. Márùn-ún nínú mẹ́jọ borí. Èèyàn márùn-ún, Ẹ̀gbọ́n, lè ṣòfin tí gbogbo Ògùn ó tẹ̀lé, láti Ìmẹ̀kọ títí dé Etí-Omi Ògùn. Bí aṣòfin yín bá ń wá síjòókòó tàbí kò wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀)

Mo jí bá ọ̀rọ̀ Lọ́yà, ó rán mi létí 2010. Ẹ̀yin ọmọdé lè má rántí. Ilé pín sí méjì, 15 lápá kan, 11 lápá kejì, a wá ń pè wọ́n ní G15 àti G11. Ọ̀rọ̀ owó yíyá wà nídìí ìjà náà: àwọn 15 kò fọwọ́ sí owó bọ́ǹdì tí ìjọba Gómìnà Gbénga Daniel fẹ́ yá. Ní September ọdún náà, àwọn kan nínú àwọn 11 jókòó, wọ́n ní àwọn ti yọ Abẹnugan Túnjí Ẹ̀gbẹ́tókun, wọ́n dá àwọn 15 dúró, wọ́n fi Ṣóyẹmí Coker ṣe Abẹnugan. Mọ́kànlá kì í ṣe méjìdínlógún, ẹ ti gbọ́ ìṣirò. Ilé di títì pa. Ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí ó yẹ kí aṣojú ará ìlú máa gbà wọlé. Mo ń kọjá níbẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ mi láràárọ̀, ọkàn mi kì í lélẹ̀.

Èrò èèyàn nípa ìjà náà kò dọ́gba títí dòní. Tèmi ni pé nígbà tí àwọn 15 kọ̀ láti fọwọ́ sí gbèsè, ohun tí a ní kí wọ́n wá ṣe ni wọ́n ń ṣe. Ilé tó lè sọ pé rárá ni Ilé. Ìdí tó fi ṣòro fún wọn láti sọ ọ́ ni pé ọwọ́ gómìnà ni owó iṣẹ́ wọn ti ń wá. Ìwé òfin ti yí padà ní 2018 pé kí owó Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ Ilé. Ẹ máa bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_FUNAAB (7:30 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ìbéèrè mi ni: mo máa pé ọdún 25 kí ìdìbò mìíràn tó dé. Ṣé mo lè díje? Tí ẹni tí a yàn kò bá sì ṣe dáadáa, ṣé ọdún mẹ́rin ni a máa fi wò ó ni?

Tíṣà_Ìbarà (10:48 àárọ̀)

Àbúrò, o lè díje. Ọgbọ̀n ọdún ni tẹ́lẹ̀, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní May 2018 ló sọ ọ́ di 25. Kí o jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí o ti kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá ó kéré tán, kí o wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ẹgbẹ́ náà sì fà ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó ń dá dúró láìní ẹgbẹ́ kò tíì lè díje. Tí o bá wọlé, kí o tó jókòó, wàá kọ ohun ìní àti gbèsè rẹ sílẹ̀, wàá sì búra. Mo fẹ́ fi kún un pé àyípadà ọjọ́ orí yẹn kì bá ti ṣeé ṣe láìsí àwọn Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè kì í yí padà àfi tí Ilé ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 bá gbà.

Ọdún mẹ́rin kì í ṣe dandan. Ilé gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181 ó kéré tán lọ́dún. Aṣòfin tó bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọjọ́ ìjókòó jẹ láìnídìí, ó ti pàdánù àga rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ lọ sí òmíràn, tí ẹgbẹ́ náà kò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ó yẹ kó fi àga sílẹ̀. Ará ìlú náà lè pè é padà sílé: kí iye tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà buwọ́ lùwé, kí àjọ INEC yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì ṣètò ìdìbò bẹ́ẹ̀-ni tàbí bẹ́ẹ̀-kọ́ láàrin 90 ọjọ́. Òkè gíga ni láti gùn, n kò ní tàn ọ́ jẹ. Lẹ́tà tí a kọ dáadáa ló máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Jọkẹ́_Aládìrẹ (4:16 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ òní o. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ọjà ò yá, mo bá kọ ọ́. Ẹ bá mi wò ó kí n tó mú un lọ fún àwọn ìyá buwọ́ lù:

*Sí Ọ́nọ́rébù wa. Àwa olùgbé àdúgbò tí orúkọ wa wà nísàlẹ̀ ń kí yín. A gbọ́ pé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ̀ ń ṣe ọ̀nà. Ohun tí a ń béèrè rèé. Ìkíní, ọ̀nà wa yìí, ta ló ni ín, ìpínlẹ̀ ni àbí ìjọba ìbílẹ̀? Ìkejì, ṣé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìṣúná ọdún yìí, èló sì ni? Ìkẹta, tí kò bá sí, ṣé ẹ ó gbé e dìde nínú Ilé kí ti ọdún tó ń bọ̀ tó wọlé? Ìkẹrin, a fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí ẹ jókòó nínú Ilé lọ́dún tó kọjá. Ìkarùn-ún, ìyá wa kan ní kí a béèrè pé nígbà wo ni Ilé yóò máa sọ Yorùbá. Lẹ́tà ni a fẹ́ kí ẹ fi dá wa lóhùn.*

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì (4:40 ìrọ̀lẹ́)

Ó dáa gidigidi, ọmọ mi. Ohun mẹ́ta. Kọ déètì sí i. Kọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó, láti ibi wo dé ibi wo, torí kò sí bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń gba "ọ̀nà àdúgbò wa". Ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́rin: ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún Kíláàkì Ilé, ọ̀kan fún alága ìjọba ìbílẹ̀. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ "a ti gbà á" sí ara ẹ̀dà kẹrin tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba òǹtẹ̀ yẹn.

Kí ẹ sì fi ti obìnrin tó bímọ sínú ihò sí i. Má fi orúkọ rẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i.

Jọkẹ́_Aládìrẹ (4:52 ìrọ̀lẹ́)

Bàbá, mo ti fi sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun á kọ́kọ́ buwọ́ lù ú. A ti di 31.

Awakọ̀_Láfẹ́nwá (5:03 ìrọ̀lẹ́)

Àǹtí Jọkẹ́, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ pàdé mi ní Kútọ̀. Èèyàn mẹ́rin ni ọkọ̀ mi gbà. N kò gba owó, màá sì dúró dè yín títí wọ́n á fi lu òǹtẹ̀ náà.